Hefsíbà: kí ni orúkọ yìí túmọ̀ sí, ta ló ti jẹ́ ẹ rí, báwo ni kí a ṣe kọ ọ́?

Bàbá Ìkókó, Kétu

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Olúwa fi ọmọbìnrin ta ìdílé wa lọ́rẹ, ìyá àti ọmọ sì wà ní àlàáfíà. Ìyá ìyàwó mi, tí wọ́n ń gbé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ti fi orúkọ kan ránṣẹ́ pé kí a fi kún èyí tí a óò sọ ọmọ náà. Hefsíbà ni orúkọ ọ̀hún. Wọ́n ní inú Bíbélì ni àwọn ti rí i, àti pé láti ìgbà tí ìyàwó mi ti wà nínú oyún ni ó ti wà lọ́kàn àwọn. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá mi níhìn-ín, wọ́n bi mí pé orúkọ ta nìyẹn, nítorí kò sí ẹni tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní agbo ilé wa, kò sì sí ẹni tí wọ́n mọ̀ tí ó ń jẹ́ ẹ ní gbogbo àdúgbò.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí ni pé kí ẹ bá mi wo orúkọ náà kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé. Mo fẹ́ mọ ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an, irú ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ, bóyá àwọn ènìyàn ṣì ń sọ ọmọ bẹ́ẹ̀ lóde òní, àti bí a ṣe lè kọ ọ́ sínú ìwé ìbí tí kò fi ní di wàhálà fún ọmọ lọ́jọ́ iwájú. A kò fẹ́ kí ìyá wa ní Àjàṣẹ́ rò pé a kọ orúkọ tí wọ́n fún wa, a kò sì fẹ́ fún ọmọ ní orúkọ tí àwa òbí rẹ̀ kò lè ṣàlàyé bí àlejò bá béèrè.

Olùkọ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ kú oríire, Bàbá Ìkókó. Olúwa yóò wo ọmọ náà, yóò sì fún ìyá rẹ̀ ní agbára.

Inú èdè Hébérù ni orúkọ náà ti wá, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n sì so pọ̀ nínú rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni “ìdùnnú mi”, ti ìkejì ni “nínú rẹ̀”, obìnrin sì ni ẹni tí “rẹ̀” yìí ń tọ́ka sí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pe ọmọ yín ní Hefsíbà ń wí pé “inú mi dùn sí i”, ọmọbìnrin nìkan ni a sì lè fi orúkọ náà pè.

Ibi méjì péré ni ó ti hàn nínú Bíbélì, èyí sì jẹ́ ọ̀kan nínú ìdí tí kò fi wọ́pọ̀ bíi Dèbórà tàbí Hánà, tí ìtàn wọn gùn, tí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi sì mọ̀. Ibi àkọ́kọ́ ni 2 Ọba 21:1, níbi tí a ti kà pé Hefsíbà ni orúkọ ìyá Mánásè ọba Júdà. Ibi kejì ni Àìsáyà 62:4. Níbẹ̀, ìlú Jerúsálẹ́mù ni wòlíì ń bá sọ̀rọ̀, ìlú tí ojú ti tì, tí àwọn ènìyàn ti fi sílẹ̀. Ó ní a kì yóò pè é ní Ìkọ̀sílẹ̀ mọ́, a kì yóò sì pe ilẹ̀ rẹ̀ ní Ahoro mọ́; Hefsíbà ni a óò máa pè é, Béúlà, èyí tí í ṣe “ẹni tí a gbé níyàwó”, ni a óò sì máa pe ilẹ̀ rẹ̀. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ẹsẹ náà fúnra rẹ̀ tú orúkọ ọ̀hún fún wa: “nítorí inú Olúwa dùn sí ọ”. Ní èdè Hébérù, ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò níbi “inú dùn” yìí àti èyí tí ó wà nínú Hefsíbà, gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ní. Bí bàbá yín bá béèrè ìtumọ̀, ẹ kan ka ẹsẹ yẹn sí wọn létí, ó ti parí.

Ẹ tún kíyè sí nǹkan kan tí ó lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹni tí ó ń ka Bíbélì Yorùbá àti ẹni tí ó ń ka ti Faransé nínú ilé kan náà. Nínú Bíbélì Louis Segond, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò, ẹ óò rí “Hephtsiba” ní 2 Ọba, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Àìsáyà, ẹ kò ní rí orúkọ náà rárá, nítorí wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí “mon plaisir en elle”. Bíbélì Yorùbá, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, fi orúkọ náà sílẹ̀ bí ó ṣe rí ní ibi méjèèjì. Nítorí náà, bí ìyàwó yín bá wí pé òun kò rí Hefsíbà nínú Àìsáyà, òótọ́ ni ó sọ. Bí ìyá rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ bá sì wí pé ibẹ̀ gan-an ni òun ti rí i, òótọ́ ni àwọn náà sọ.

Ìyá Àgbà, Àjàṣẹ́

Ẹ ṣeun, Olùkọ́. Ìtumọ̀ náà dùn mọ́ mi nínú. Kò sì yà mí lẹ́nu pé Àjàṣẹ́ ni orúkọ náà ti wá, nítorí ìlú wa yìí ni Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá ti bẹ̀rẹ̀ ní 1947, àwa tí a dàgbà láàárín àwọn aláṣọ funfun sì ti mọ̀ pé orúkọ Hébérù kì í ṣe àlejò ní àdúgbò wa.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí n kò lè gbé mì. Orúkọ ń ro ọmọ. Mánásè tí wọ́n ní Hefsíbà bí yìí, òun ni ó tún pẹpẹ òrìṣà kọ́ lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ ti wó wọn, òun ni ó mú ọmọ ara rẹ̀ la iná kọjá, òun ni ó ta ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ sílẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù títí ìlú fi kún. Ṣé ó wá yẹ kí a mú orúkọ ìyá irú ọba bẹ́ẹ̀ kí a fi sórí ọmọ tí kò mọ nǹkan kan? Ilé wa kì í sọ ọmọ ní orúkọ ẹni tí ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kò dára. Ẹ má bínú sí mi o, n kò fẹ́ ba ayọ̀ ẹnikẹ́ni jẹ́, àmọ́ ó sàn kí a sọ ọ́ nísinsìnyí ju kí ẹnìkan gbé e dìde ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.

Olùkọ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, Ṣábẹ̀ẹ́

Ìyá wa, ìbéèrè yín tọ́, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀ láìyára kọjá lórí rẹ̀.

Hesekáyà ni ọkọ Hefsíbà. Nígbà tí ó ṣàìsàn dé ojú ikú, Àìsáyà wá sọ fún un pé kí ó palẹ̀ ilé rẹ̀ mọ́, nítorí kò ní yè. Ọba náà yíjú sí ògiri, ó sunkún, ó gbàdúrà, Ọlọ́run sì fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Orí tí ó tẹ̀ lé ìtàn yẹn gan-an ni a ti kà pé ọmọ ọdún 12 ni Mánásè nígbà tí ó gorí oyè. Bí a bá fi iye ọdún méjèèjì wéra, a óò rí i pé lẹ́yìn àìsàn náà ni wọ́n bí i. Obìnrin tí ó bí àrólé fún ọba tí ikú ti fẹ́ mú lọ ni Hefsíbà nígbà náà, kò sì sí ẹsẹ kan ṣoṣo nínú Ìwé Mímọ́ tí ó fi ẹ̀sùn kan òun fúnra rẹ̀.

Àwọn àgbà Júù pàápàá ti bá ọ̀rọ̀ yìí jìjàkadì. Nínú Talmud, àkójọ ẹ̀kọ́ àwọn àgbà Júù, ní ìwé tí wọ́n ń pè ní Berakhot, wọ́n sọ pé Hesekáyà kò fẹ́ gbéyàwó nítorí ó ti rí i tẹ́lẹ̀ pé àwọn ọmọ òun kò ní dára, àti pé Àìsáyà bá a wí, ó ní kí ni tirẹ̀ nínú àṣírí Ọlọ́run, kí ó ṣe ojúṣe tirẹ̀. Ọba bá ní kí Àìsáyà fi ọmọbìnrin rẹ̀ fún òun, bóyá oore àwọn méjèèjì yóò ran àwọn ọmọ náà lọ́wọ́. Ìtàn àwọn àgbà ni èyí, kò sí nínú Bíbélì, ṣùgbọ́n ó fi hàn wá pé wọn kò di ẹ̀bi ọmọ ru ìyá. Mánásè fúnra rẹ̀, ọdún 55 ni ó fi jọba, ìwé Kíróníkà kejì, orí 33, sì sọ pé nígbà tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè é lọ sí Bábílónì, ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ gidigidi, Ọlọ́run gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó sì dá a padà sórí ìtẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un, nítorí òun ni mo rò pé yóò tẹ́ yín lọ́rùn jù. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí Bíbélì wa pè ní “Ìkọ̀sílẹ̀” nínú Àìsáyà 62, orúkọ obìnrin ni òun náà: Asúbà. Asúbà ni ìyá Jèhóṣáfátì, a kà á nínú 1 Ọba 22:42, Jèhóṣáfátì sì wà lára àwọn ọba Júdà tí ó ṣe rere. Ẹni tí wọ́n sọ ní Ìkọ̀sílẹ̀ bí ọba rere, ẹni tí wọ́n sọ ní Inú-mi-dùn-sí-i bí ọba tí ó ṣìnà kí ó tó padà. Ọwọ́ àwọn ọmọ náà ni ìwà wọn wà.

Ìyá Àgbà, Àjàṣẹ́

Ọ̀rọ̀ Asúbà yẹn ni ó wọ̀ mí lára. Olùkọ́, Ọlọ́run yóò fi kún ìmọ̀ yín. Bàbá Ìkókó, mo ti gba orúkọ náà, kí ẹ sọ ọmọ náà bẹ́ẹ̀ láìsí ìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n kí ẹ ka ìtàn náà tán kí ó tó di ọjọ́ náà, nítorí àwọn àgbààgbà tí ó mọ Bíbélì yóò wà níbẹ̀, wọn yóò sì béèrè ohun tí èmi béèrè yìí.

Akọ̀wé Tó Ti Fẹ̀yìn Tì, Àjàṣẹ́

Mo kí gbogbo ilé. Ìtumọ̀ ti yé wa, ṣùgbọ́n bí a ṣe máa kọ orúkọ náà sílẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí ibẹ̀ ni orúkọ tí kò wọ́pọ̀ ti máa ń fìyà jẹ ọmọ. Mo ti jókòó fún ìgbà pípẹ́ níwájú ìwé ńlá tí wọ́n fi ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ ní mérì, ilé ìjọba ìlú, mo sì mọ bí ó ṣe ń lọ. Bàbá ọmọ yóò dúró níwájú tábìlì, yóò pe orúkọ lẹ́nu, akọ̀wé yóò kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Bí ó bá jẹ́ Marie tàbí Joseph, kò sí ìṣòro kankan. Bí ó bá jẹ́ Hefsíbà, àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀ láti lẹ́tà àkọ́kọ́, nítorí ẹni tí Faransé ti mọ́ lẹ́nu kì í pe “h”, “Efsiba” ni ó máa gbọ́. Ẹlòmíràn yóò kọ “ph”, ẹlòmíràn yóò kọ “f”. Ní àárín, ẹnìkan yóò fi “z” sí i, ẹnìkan “s”, ẹnìkan “ts”. Ní ìparí, àwọn kan yóò fi “h” tì í lẹ́yìn, àwọn kan kò ní fi nǹkan kan tì í.

Mo mọ ọmọbìnrin kan tí ìwé ìbí rẹ̀ kà pé Hepzibah, tí CEP rẹ̀, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kà pé Hephziba, tí káàdì ìrìbọmi rẹ̀ sì kà pé Hefsiba. Nígbà tí ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún BEPC, ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n ní kí ó lọ mú ẹ̀rí wá pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ni gbogbo ìwé náà, àwọn òbí rẹ̀ sì ní láti lọ síwájú adájọ́ kí ó tó ní àtúnṣe. Owó lọ síbẹ̀, àkókò lọ síbẹ̀, ọmọ náà sì ń sunkún pé ìyá ìyá òun ni ó fi orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ dá òun lóró. Ẹ̀bi orúkọ kọ́. Kò sí ẹni tí ó jókòó nílé kí ó pinnu lẹ́tà rẹ̀ kí wọ́n tó jáde.

Nítorí náà, ẹ pinnu lẹ́tà rẹ̀ nílé, kí ọkọ àti aya fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. “Hephzibah” ni Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ń kọ, òun ni ó sì gbajúmọ̀ jù lágbàáyé. “Hephtsiba” ni ti Segond. “Hefsiba” ni ti Bíbélì Yorùbá. Bí ẹ bá bi mí, Hefsiba ni mo fọwọ́ sí, nítorí lẹ́tà méje péré ni, bí a ṣe ń pè é ni a ṣe kọ ọ́, bí ẹnìkan kò bá tilẹ̀ pe “h” rẹ̀, yóò ṣì lè kọ ìyókù láìṣìnà. Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá sórí ìwé pélébé, ẹ mú un dání, ẹ má pè é lẹ́nu lásán. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ tán, kí ẹ ka ìwé náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kúrò níwájú tábìlì. Lóde òní tí àjọ ANIP ń fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, tí orúkọ wa sì ti wọ inú kọ̀ǹpútà, ohun tí ẹ bá kọ́kọ́ kọ ni yóò máa tẹ̀ lé ọmọ náà dé orí káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé ìrìnnà rẹ̀.

Ọmọ Àjàṣẹ́ ní Paris

Bàbá Ìkókó béèrè bóyá àwọn ènìyàn ṣì ń jẹ́ ẹ, n óò sì dáhùn apá yẹn.

Ìgbà kan wà tí orúkọ náà wọ́pọ̀ láàárín àwọn Kristẹni kan. Ní nǹkan bí 1600 sí 1700, àwọn Piuritánì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn tí ó ṣí kúrò níbẹ̀ lọ sí ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, kò fẹ́ fi orúkọ àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Àgùdà pe ọmọ wọn mọ́. Wọ́n ṣí Májẹ̀mú Láéláé, wọ́n sì ń mú orúkọ níbẹ̀, tí ó fi mọ́ èyí tí àwọn ẹlòmíràn kò kà sí. Hephzibah wà lára wọn, wọ́n sì máa ń gé e kúrú sí Hepsy nínú ilé. Nígbà tí ó yá, ó di orúkọ àwọn ìyá àgbà, àwọn ọ̀dọ́ kò sì mú un mọ́. Ìlú kékeré kan wà títí di òní ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Hephzibah.

Ẹni tí ó jẹ́ orúkọ náà tí òkìkí rẹ̀ kàn jù láyé òde òní ni Hephzibah Menuhin, ọmọ Júù tí wọ́n bí ní San Francisco ní 1920, tí ó sì kú ní London ní 1981. Dùùrù ni ó ń tẹ̀, ó sì máa ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Yehudi Menuhin, tí ó ń ta gòjé, jókòó níwájú èrò ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì pàápàá, abúlé àjọṣe kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1922 tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hefzibah. Ní 1928, bí àwọn ará abúlé náà ṣe ń gbẹ́ ojú omi tí wọn yóò fi máa bomi rin oko, wọ́n ṣe alábàápàdé ilẹ̀ sínágọ́gù àtijọ́ kan tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ mèremère ṣe iṣẹ́ ọnà sí, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí sí sínágọ́gù Beit Alfa. Bí wọ́n ṣe kọ orúkọ náà nínú Bíbélì Hébérù, “va” ni a ń pe ìparí rẹ̀, kì í ṣe “bà”. Èyí kò ní ká yí tiwa padà.

Ní ti bí ó ṣe wọ́pọ̀ tó nísinsìnyí, ẹ ṣọ́ra fún àwọn àtòjọ orúkọ tí ẹ bá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ilẹ̀ Faransé níbí, àjọ INSEE ń tẹ orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n bí láti 1900 jáde, ṣùgbọ́n àwọn orúkọ tí ẹni tí ó ń jẹ́ wọn kéré jù, inú àpò kan ni wọ́n kó gbogbo wọn sí, tí wọ́n pè ní orúkọ tó ṣọ̀wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má baà fi orúkọ tọpasẹ̀ ọmọ kan. Ní Amẹ́ríkà, orúkọ tí kò bá tó ọmọ 5 tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan kì í jáde nínú àtòjọ ìjọba. Bí ẹ kò bá rí orúkọ kan níbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ. Láàárín àwa Yorùbá, pàápàá ní Nàìjíríà, ẹ óò rí Hephzibah lára ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀bù, ẹ óò sì gbọ́ ọ nínú ìjọ, nítorí ọ̀pọ̀ oníwàásù ni ó fẹ́ràn Àìsáyà 62. Ó ṣọ̀wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí àwọn ènìyàn yóò máa wò bí ẹni tí ó rí ohun àjèjì. Ẹ má wá ọjọ́ àjọ̀dún rẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà àwọn ẹni mímọ́ tí wọ́n ń fi kọ́ ògiri, kò sí níbẹ̀.

Alájà Onígèlè, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ewu ọmọ o. Mùsùlùmí ni mí, mo kàn fẹ́ fi ohun kan tó yín létí nítorí ìlú wa yìí, níbi tí Mùsùlùmí àti Kristẹni ti jọ ń gbé agbo ilé kan náà. Bí ẹ bá pe Hefsíbà kíákíá, ọ̀pọ̀ nínú wa yóò gbọ́ Hafsatu, tí àwọn ìyá wa ń pè ní Afúsátù. Orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Hafsatu ni ọmọ Umar, ó sì wà lára àwọn ìyàwó Ànábì wa, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi Kùránì tí wọ́n kọ́kọ́ kó jọ sí ìpamọ́ sí lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Orúkọ ńlá ni, kò sì sí àbùkù níbẹ̀ bí ẹnìkan bá ṣèèṣì pe ọmọ yín bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tètè máa pe orúkọ náà tán lẹ́nu yín, kí àwọn ará àdúgbò lè gbọ́ “bà” tí ó wà ní ìparí rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Afúsá ni yóò mọ́ wọn lẹ́nu.

Síbà, Ṣábẹ̀ẹ́

Èmi gan-an ń jẹ́ Hefsíbà. Mo rò pé ó yẹ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ.

Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́, ọjọ́ àkọ́kọ́ ọdún ni mo máa ń mọ̀ pé ó ti kàn mí kí olùkọ́ tó sọ̀rọ̀. Yóò máa ka orúkọ lọ geerege, yóò dákẹ́ díẹ̀, yóò gbé ìwé náà súnmọ́ ojú, yóò wá gbìyànjú rẹ̀: “Ẹ... Ẹpu...” Èmi yóò dìde, n óò sì sọ pé, “Èmi nìyí, olùkọ́, Hefsíbà.” Ní ọdún àkọ́kọ́, ojú máa ń tì mí. Bàbá mi kíyè sí i, wọ́n sì kọ́ mi ní gbólóhùn kan tí n óò máa sọ bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, pé orúkọ mi wà nínú Àìsáyà 62, ó sì túmọ̀ sí pé inú Olúwa dùn sí mi. Láti ìgbà náà, ìbéèrè yẹn ti di ohun tí mo máa ń dúró dè. Bí ẹ bá fún ọmọ yín ní orúkọ yìí, ẹ má jẹ́ kí ó wọ kíláàsì láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ́ ọ láti kékeré, ní Yorùbá àti ní Faransé, kí ó lè dá ẹnu rẹ̀ sọ ọ́.

Nínú ilé, Síbà ni wọ́n ń pè mí. Ó rọrùn, kò sì ba orúkọ náà jẹ́.

Àgbàlagbà Kétu

Bàbá Ìkókó, ọmọ mi, mo kí ọ, mo sì kí bàbá rẹ. Ìbéèrè tí bàbá rẹ béèrè, pé orúkọ ta ni, kì í ṣe pé wọ́n kọ̀ ọ́. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí orúkọ náà yóò ṣe wọ inú ilé wọn.

Ohun tí mo rí ni pé ẹ kò ní láti wá ibi jíjìnnà. Ìdùnnúolúwa wà nínú èdè wa, ohun tí Hefsíbà ń wí ni òun náà ń wí. Kí bàbá rẹ fi Ìdùnnúolúwa sọ ọmọ náà láti ẹnu ara wọn, kí ìyá ìyàwó rẹ fi Hefsíbà tẹ̀ lé e, orúkọ méjèèjì yóò máa dáhùn ara wọn. Kò sí ẹni tí yóò lè sọ pé ìdílé kan borí èkejì. Kí wọ́n má sì gbàgbé oríkì o. Mo ti rí i pé àwọn ọ̀dọ́ wa nísinsìnyí ní orúkọ ìjọ mẹ́ta, wọn kò ní oríkì ẹyọ kan, ó sì máa ń dùn mí. Ọmọ tí ó ń sunkún lóru, kì í ṣe Hefsíbà ni ìyá bàbá rẹ̀ yóò fi rẹ̀ ẹ́. Àbẹ̀kẹ́, Àdùkẹ́, Àṣàkẹ́, èyíkéyìí tí ó bá bá bí ẹ ṣe wá ọmọ náà mu, kí wọ́n fún un.

Ní ọjọ́ náà, bí ẹ bá dé orí oyin, ibẹ̀ ni kí ẹ ti pe Hefsíbà. Iyọ̀, omi, obì, orógbó àti ataare, olúkúlùkù ní àdúrà tirẹ̀ tí àwọn àgbà mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá fi ìka kan oyin, tí wọ́n sì fi kan ètè ọmọ, tí ọmọ bá ń lá a, kí ìyá ìyàwó rẹ láti Àjàṣẹ́ pe orúkọ tí àwọn mú wá, kí wọ́n sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ sókè kí gbogbo ilé gbọ́. Bí àlùfáà bá wà níbẹ̀, kí ó ka ẹsẹ náà lẹ́yìn wọn, kí ó má ṣe kà á ṣíwájú wọn, nítorí àwọn ni wọ́n ni orúkọ náà.

Bàbá Ìkókó, Kétu

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sí bàbá mi létí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi Asúbà àti Jèhóṣáfátì, wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n ti gbà pé Ìdùnnúolúwa ni àwọn yóò sọ ọ́, wọ́n sì ti mú Àdùkẹ́ fún oríkì rẹ̀. Ìyàwó mi pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n sì ti gbà láti máa kọ ọ́ ní Hefsiba, bí ó ṣe wà nínú Bíbélì wọn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kù. Lẹ́yìn orúkọ ìdílé, èwo ni kí ó ṣáájú nínú ìwé ìbí, Ìdùnnúolúwa ni tàbí Hefsiba? Ṣé kí a sì kọ Àdùkẹ́ síbẹ̀?

Akọ̀wé Tó Ti Fẹ̀yìn Tì, Àjàṣẹ́

Ó dára bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí ó bá ṣáájú ni ilé ẹ̀kọ́ yóò máa pè jù, nítorí náà, èyí tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n máa pè ní kíláàsì ni kí ẹ fi ṣáájú. Ìdùnnúolúwa gùn, bí orúkọ bá sì pọ̀ jù lórí ìlà kan, àwọn káàdì kan máa ń gé èyí tí ó kẹ́yìn dànù, ìyẹn náà sì lè di ìyàtọ̀ láàárín ìwé kan àti èkejì. Tèmi ni pé kí ẹ kọ Hefsiba, kí Ìdùnnúolúwa tẹ̀ lé e, kí ẹ sì fi Àdùkẹ́ sílẹ̀ fún ẹnu àwọn ará ilé. Bí bàbá yín bá fẹ́ kí tiwọn ṣáájú, ẹ má bá wọn jiyàn lórí ìyẹn, ẹ sáà rí i pé bí ẹ ṣe tò wọ́n nínú ìwé ìbí ni ẹ ṣe tò wọ́n nínú káàdì ìrìbọmi àti ìwé ilé ẹ̀kọ́. Bí ilé ìgbẹ̀bí kò bá sì tíì fi ìwé tiwọn ránṣẹ́ sí mérì, ẹ mú ìwé pélébé yẹn lọ fún agbẹ̀bí ní àárọ̀ ọ̀la, nítorí ohun tí ó bá kọ ni mérì yóò dà kọ.